Lẹ́tà Tó Ti Ìlú Kùsà Wá

Bùkúrù, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kejìlá, 2023

Bàbá mi,

Àsàláàmù aláékùm. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ kéú. Ṣé ìyá mi ti dé láti Kuta? Etí yín ńkọ́? Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo pe fóònù ìyá mi, wọ́n gbé e sí yín létí, ẹ kàn ń pariwo pé "Ta nìyẹn?" títí mo fi pa á. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní lẹ́tà ni n ó máa kọ sí yín. Mo tẹ èyí sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí Kafilat ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀, òun ni yóò tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà fún yín. Tí ẹ bá kọ èsì, ẹ fún un kó yà á ní fọ́tò fún mi.

A ti jáde ní àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Bùkúrù ni wọ́n gbé mi lọ, ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ má bẹ̀rù, ìlú fara rọ.

Bàbá, ìlú yìí! Nígbà tí ọkọ̀ wa kúrò ní Akwanga, ilẹ̀ ṣì tẹ́jú, ooru ń mú wa. Ó ṣe díẹ̀, òkè kan dìde níwájú wa bí ògiri. Mo ní kò sí bí ọkọ̀ ṣe máa gba ibẹ̀ kọjá. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Hawan Kibo nìyẹn. Kí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tètè mumi." Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin, ó ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ, etí mi dí, ó là, ó tún dí. Ká tó dé orí òkè, afẹ́fẹ́ ti yí padà. Ó tutù, ó fúyẹ́, ó ń ta sánsán bíi koríko. Àpáta wà níbi gbogbo, kì í ṣe irú èyí tó wà lọ́nà Olúpọ̀nnà o. Wọ́n to ara wọn lérí, èyí tó tóbi bí ilé á jókòó sórí èyí tí kò ju àpótí ìjókòó lọ. Ẹ ó rò pé tí ewúrẹ́ bá fi ara nù ún, yóò ṣubú. Wọn ò ṣubú láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé.

Láàárọ̀, èéfín máa ń jáde lẹ́nu wa bí a bá ń sọ̀rọ̀. Súwẹ́tà méjì ni mò ń wọ̀ léra. Wọ́n tún ní níbí ni ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní kùsà ti wá, pé "kuza" ni àwọn Hausa ń pe tánganran tí wọ́n ń wà nínú ilẹ̀ yìí. Láti kékeré ni mo ti ń pe "awakùsà" láìmọ ohun tí mò ń pè.

Bàbá, ìyá mi sọ fún mi nígbà kan pé bàbá yín wá wa kùsà lókè yìí, pé n kò gbọ́dọ̀ bi yín. Mo ti wá dé ibẹ̀ báyìí. Ẹ má bínú tí mo bá bi yín: apá ibo ni wọ́n gbé?

Èmi ọmọ yín,
Mujeebah


Agbo ilé Aláró, Ìwó
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kìn-ín-ní, 2024

Mujeebah ọmọ mi,

Wa aláékùmù sàlámù. Kí Ọlọ́run Ọba má ṣe gbójú kúrò lára rẹ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kafilat ti kà á ṣáájú mi. Mo mọ̀, nítorí kí n tó ṣí i rárá ló ti ń bi mí bóyá èéfín máa ń jáde lẹ́nu èèyàn lóòótọ́.

Mo ka ibi òkè yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Mo kà á fún ìyá rẹ, ó ní kí o má ṣe jókòó sábẹ́ àpáta kankan, ìbáà jẹ́ láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ó ti dé láti Kuta. Ẹ̀gẹ́ wa ta dáadáa. Òjò ti lọ, eruku ilé kéú ń wọ àwọn ọmọ lójú. Mò ń dúpẹ́ pé o rí iṣẹ́ Ọlọ́run, o sì mọ̀ ọ́n sọ. Máa kọ irú rẹ̀ sí mi.

Ní ti ìbéèrè tí o fi parí rẹ̀: ẹnu ìyá rẹ kò ní ìlẹ̀kùn. Hussain ni bàbá mi ń jẹ́. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mo wà nígbà tí ó lọ, lọ́dún 1962. Ó ránṣẹ́ sílé fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ìyá mi wo ọ̀nà títí tó fi kú. Ó parí. Sin ìlú rẹ tán, kí o padà wálé. Má wádìí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Èmi bàbá rẹ,
Badrudeen


Bùkúrù
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kejì, 2024

Bàbá mi,

Mo kí yín o. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ, n kò sì bi ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí n máa kọ ohun tí mo bá rí.

Lọ́jọ́ Sátidé, Dúró mú mi lọ wo ibi tí wọ́n ti ń wa kùsà láyé àtijọ́. Òkìtì iyẹ̀pẹ̀ ló lọ rẹrẹẹrẹ títí ojú ò fi tó o mọ́, àwọn mìíràn ti hu koríko, wọ́n ń gbin ànàmọ́ òyìnbó sí ẹsẹ̀ wọn. Láàárín àwọn òkìtì náà ni adágún omi wà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bàbá, àwọ̀ omi yẹn! Bí aró tí ìyá àgbà máa ń rẹ ni, nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi là á. Mo ní adágún yìí mà rẹwà. Dúró ní, "Ọwọ́ èèyàn ló gbẹ́ gbogbo rẹ̀." Ó ní kí irinṣẹ́ ńlá tó dé, ṣọ́bìrì àti igbá ni. Ó tọ́ka ọ̀kan nínú irinṣẹ́ náà sí mi tó ti dípẹtà, ó ga ju mọ́ṣáláṣí wa lọ, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wá nǹkan tó bọ́ sílẹ̀.

Àwọn obìnrin kan ṣì ń fọ kùsà níbẹ̀. Wọ́n á bu yanrìn sínú igbá, wọ́n á máa yí i nínú omi, èyí tó fúyẹ́ á máa ṣàn lọ, títí tí nǹkan dúdú kan á fi kù nísàlẹ̀, tó ń dán bí ojú ìkamùdù. Ọ̀kan nínú wọn gbé agolo mílíìkì tó kún fún un lé mi lọ́wọ́. Mo na ọwọ́ bí ẹni fẹ́ gba mílíìkì, ni ọwọ́ mi bá já wálẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo wá ro àwọn tó ń ru agbọ̀n rẹ̀ lórí láti ìsàlẹ̀ kòtò títí dé ẹ̀bá ojú irin, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nínú òtútù yìí. Hausa, Birom, Ígbò, Tiv, Yorùbá. Mo rí òkè tí Ọlọ́run dá, mo sì rí òkè tí wọ́n fi orí rù. N kò mọ èyí tó yà mí lẹ́nu jù.

Ẹ bá mi kí ìyá mi. N kò jókòó sábẹ́ àpáta.

Mujeebah


Ìwó
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kejì, 2024

Mujeebah,

Sàlámù sí ọ. Ta ni Dúró?

Mo tọ́ ọ dàgbà, mo kọ́ ọ ní kéú, mo jẹ́ kí o lọ sí yunifásítì. Kì í ṣe kí ọkùnrin kan tí a ò mọ ìdí rẹ̀ lè máa mú ọ rìn kiri ẹ̀bá kòtò lọ́jọ́ Sátidé. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ó ń kírun. Kafilat pàápàá ní kí n bi ọ́ bóyá ó rẹwà, mo sì lé e jáde nínú ọgbà mi.

Mo ka ọ̀rọ̀ kùsà náà. Agbọ̀n tí wọ́n ń fi orí rù. N kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ náà rí.

Aáwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Tí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi ànàmọ́ òyìnbó díẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ, ó ti ń sọ ọ́ kiri ọjà.

Badrudeen


Bùkúrù
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú aáwẹ̀. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ wa.

Dúró ni bàbá tó ń ṣọ́ géètì ilé ẹ̀kọ́ wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n, ọmọ-ọmọ wọn mẹ́sàn-án. Wọ́n ń kírun. Ẹ sọ fún Kafilat pé eyín wọn mẹ́ta ló kù.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá wà lórí ìdúró, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Mo lọ ra ànàmọ́ òyìnbó tí ẹ ní kí n fi ránṣẹ́. Ìyá kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tó ń tà á, Mama Fati ni gbogbo èèyàn ń pè é. Bó ṣe ń wọ̀n ọ́n fún mi, mò ń bá Kafilat sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tí mo parí, ó fi Yorùbá bi mí, bí ẹni tó ń tẹ ilẹ̀ yíyọ̀:

"Ọmọ Yorùbá ni ọ́? Ìlú wo?"

"Ìwó ni, Màmá."

Ó gbé abọ́ tó fi ń wọ̀n ọ́n sílẹ̀. Ó ní, "Ìwó. Ilé Odídẹrẹ́."

Mo ní, "Ta ló kọ́ yín ní ìyẹn, Màmá?"

"Bàbá mi. Ó ní ibẹ̀ lòun ti wá. Láti kékeré ni mo ti ń rò pé ilé kan ni, tí wọ́n ń sin odídẹrẹ́ sínú rẹ̀. Ó tún máa ń dárúkọ Aláró."

Mo bi í pé kí ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ó ní, "Hussain. Hussain mai kuza, Hussain oníkùsà, ni wọ́n ń pè é níbí. Fátímà ni gbogbo ayé ń pè mí, òun nìkan ló ń pè mí ní Fàtímọ̀."

Bàbá, n kò lọ wádìí ẹnikẹ́ni. Ẹ rí i pé òun ló kọ́kọ́ bi mí. Àpò ànàmọ́ ni mo jókòó lé, mò ń sunkún láàárín ọjà, òun náà ń sunkún kó tó mọ ohun tí mò ń sunkún sí. Àbúrò yín ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ni. Iwájú orí yín gan-an ló wà lórí rẹ̀.

Bàbá yín kò dákẹ́ lásán. Ó kú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1971, òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, etí kòtò bẹ̀rẹ̀ sí í là. Wọ́n ní kí gbogbo wọn jáde. Bàbá yín ti jáde. Ó wẹ̀yìn, ó rí i pé àwọn méjì ṣì wà nísàlẹ̀ tí wọn ò gbọ́, ó sì padà wọlé lọ pè wọ́n. Ọ̀kan jáde. Ilẹ̀ wó lé bàbá yín àti èkejì. Ẹni tó jáde yẹn ló ń gbé oúnjẹ wá fún Màmá Fàtímọ̀ àti ìyá wọn lọ́dọọdún títí òun náà fi kú.

Ìyá wọn, ará Bauchi ni, kò mọ̀wé. Télọ̀ kan láti Ọ̀fà wà ládùúgbò, Adédìpẹ̀ lorúkọ rẹ̀. Òun ló bá a kọ lẹ́tà sí Ìwó, wọ́n fi rán ẹlẹ́rù kan tó ń lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n dúró de èsì. Wọ́n dúró títí. Nígbà tó yá, ìyá wọn ní, "Àwọn èèyàn bàbá rẹ kò fẹ́ wa," kò sì tún dárúkọ Ìwó mọ́ títí tó fi kú.

Màmá Fàtímọ̀ wá bi mí pé, "Ṣé lẹ́tà náà dé?" Mo ní n kò mọ̀, pé n ó bi yín.

Bàbá, ṣé lẹ́tà náà dé?

Ọmọ yín,
Mujeebah


Bùkúrù
Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kẹrin, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún ìtùnú aáwẹ̀. Ọ̀dọ̀ Màmá Fàtímọ̀ ni mo ti ṣọdún. Kafilat búra fún mi pé òun fi lẹ́tà mi lé yín lọ́wọ́, pé ẹ kà á tán lójú òun, pé ẹ ká a, ẹ fi sí àpò agbádá yín, ẹ sì gba ọ̀nà oko lọ láìkí òun. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Tí mo bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá mi wí. Màmá ń bi mí lójoojúmọ́.

Mujeebah


Bùkúrù
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Ìyá mi ní ẹ kì í jẹun yó mọ́. Wọ́n ní ẹ ti ní kí àwọn ọmọ kéú máa lọ sílé kí oòrùn tó mú. Ẹ kọ ìlà kan péré sí mi. Ẹ kọ ọ́ pé "rárá" tàbí "bẹ́ẹ̀ ni," ó tó.

Mujeebah


Ìwó
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà, 2024

Mujeebah ọmọ mi,

Kí Ọlọ́run forí jì mí kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti ní kí Kafilat má ṣe ka lẹ́tà yìí. Bí kò bá gbọ́, kó kà á. Ó ti pẹ́ tí ó yẹ kí ẹnìkan kà á.

Lẹ́tà náà dé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Èmi nìkan ni mo mọ ìwé kà nínú ilé wa nígbà náà. Ọkùnrin kan tó ti Ìbàdàn wá ló mú un wá, ọwọ́ ọ̀sán ni, ìyá mi ń sá èlùbọ́ sórí àpáta ẹ̀yìnkùlé. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú lẹ́tà náà, ó gbé e fún mi, ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Kà á fún mi, ọkọ mi."

Mo kọ́kọ́ fi ojú kà á. Mo rí i pé bàbá mi ti kú. Mo rí i pé ó ní ìyàwó níbẹ̀. Mo rí i pé ó ní ọmọ. Mujeebah, mo ti gbìyànjú láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá kí n sọ fún ara mi pé àánú ìyá mi ló ṣe mí. Irọ́ ni. Inú ló bí mi. Mo ronú pé bí mo bá ka ikú, ìyá mi á sunkún rẹ̀, á ṣàdúà fún un, gbogbo ilé á pè é ní èèyàn rere. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sunkún rẹ̀. Mo gbé ojú sókè, mo ní, "Ó ní òun ti rí ibi tó dára. Ó ní òun ò padà wá mọ́."

Ìyá mi ní, "Ó tán?" Mo ní, "Ó tán." Ó dìde, ó padà sídìí èlùbọ́.

Mo ju lẹ́tà náà síná ìdáná lọ́jọ́ kejì.

O ò mọ ohun tí mo ṣe, àfi kí n là á fún ọ. Ìyá mi kò ṣe opó, kò jókòó tákàbà. Ẹnikẹ́ni kò kírun sí bàbá mi lára ní Ìwó. Àwọn ọkùnrin wá bá ìyá mi pé àwọn fẹ́ fẹ́ ẹ, èèyàn gidi, ó ní òun ṣì jẹ́ ìyàwó ẹni tó wà láàyè. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi jẹ́ ìyàwó òkú. Lórí àìsàn tó pa á, ó ní bí Hussain bá dé, kí n sọ fún un pé òun ò gbàgbé ìwà tó hù. Mo ní n ó sọ. Alfa ni mí nígbà náà. Mo ti ń wàásù òtítọ́ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Ó sì padà wọ kòtò lọ pe èèyàn méjì! Irú ẹni tí mo pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nìyẹn.

Bá mi ka lẹ́tà yìí fún Fàtímọ̀. Ojú mi kò lè wo ojú rẹ̀.

Badrudeen


Bùkúrù
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, 2024

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀. Mo sunkún fún ìyá àgbà, mo sunkún fún Màmá Fàtímọ̀, mo sì sunkún fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yẹn tí kò rí ẹni bá a gbé ẹrù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ dárí jì mí, Bàbá. N kò tí ì kọ ọ̀rọ̀ yín rí láti ọjọ́ tí ẹ ti bí mi. N kò ní kà á fún un. Wọ́n ti gbé lẹ́tà lé ọmọ lọ́wọ́ rí nínú ẹbí yìí pé kó bá àgbà kà á. Ẹ wá fúnra yín.

Mujeebah


Ìwó
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹjọ, 2024

Mujeebah,

Mo bínú sí lẹ́tà rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà mo wá rí i pé kò sí ibi tí mo fẹ́ gbé ìbínú náà sí.

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ sí ọ pé orúnkún mi kò gba òkè, pé àgbàdo kò tí ì gbẹ. Àfi bí ọkọ̀ kan ṣe já àpò ànàmọ́ òyìnbó sílẹ̀ níwájú ilé wa lánàá. Wọ́n fi tàdáwà kọ ọ́ sára àpò náà pé, "Fún ẹ̀gbọ́n mi." Ìyá rẹ sè é, ó gbé e wá fún mi. N kò lè jẹ ẹ́. Mo gbé abọ́ náà lọ́wọ́ títí ó fi tutù.

Jẹ́ kí n kórè tán. N ó wá.

Badrudeen


Bùkúrù
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, 2024

Mujeebah ọmọ mi,

Sàlámù sí ọ àti sí ìyá rẹ. Ó pé ọjọ́ mẹ́ta tí o padà sílé, mo bọ́ sọ́nà. O ní kí a jọ lọ, mo kọ̀, inú rẹ kò dùn. Kì í ṣe ìwọ lo purọ́, ìdí tí mo fi dá lọ nìyẹn. Ọwọ́ Dúró ni mo fi lẹ́tà yìí sí, ọmọ rẹ̀ ni yóò yà á ní fọ́tò fún Kafilat. Èèyàn dáadáa ni Dúró. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi.

Gbogbo ohun tí o kọ nípa ibí, o kò sọ ọ́ tó. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun Hawan Kibo, mo di igi àga mú, mò ń ka gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú Alukùráánì. Nígbà tí a yọ sókè, tí mo rí ilẹ̀ tó tẹ́ lọ pẹrẹsẹ lókè bẹ́ẹ̀, tí oòrùn àárọ̀ ń tàn sórí àwọn àpáta yẹn, mo gbàgbé ibi tí mo kà á dé. Mo ti ń rò ó láti kékeré pé ìlú burúkú kan ló gba bàbá mi lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n bá gbé èmi náà wá síbí ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, bóyá n ó pẹ́ kí n tó padà.

Fàtímọ̀ wá pàdé mi ní gáréèjì. Ó kúnlẹ̀ nínú eruku, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìrìn." Mo gbé e dìde. Ó ti se tùwó dè mí. N kò jẹ́ kó bu ú. Mo ní kó jókòó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí èlùbọ́ dé orí iná ìdáná. Ó dìde, ó bu oúnjẹ mi, ó gbé e síwájú mi, ó jáde.

Ọjọ́ méjì gbáko ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n omi ìwẹ̀ mi ń gbóná láàárọ̀, oúnjẹ mi ń dé lásìkò. Bí ó bá bú mi, ìbá sàn fún mi.

Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká lọ." A rìn gba àárín àwọn òkìtì yẹn kọjá. Omi adágún dúró jẹ́ẹ́, orí òkè wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọgbà orọ́ kan ni ibi ìsìnkú àwọn Mùsùlùmí wà, òkúta ni wọ́n tò sórí bàbá mi, ó mọ́ tónítóní. Ó ní òun ló ń ro ó lọ́dọọdún. Mo kírun sí bàbá mi lára, Mujeebah. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, mo kírun sí bàbá mi lára, Fàtímọ̀ dúró lẹ́yìn mi.

Nígbà tí mo sàlámà tán, ó bi mí pé, "Kí ni ìyá mi sọ nínú lẹ́tà yẹn?"

Ó ní yàrá ni ìyá òun àti Adédìpẹ̀ wọ̀ lọ kọ ọ́, wọ́n ní kí òun máa ṣeré níta. Ìyá òun kò sọ ọ́ fún òun rí. Mo sọ fún un pé mo dáná sun ún.

Ó ní, "Ẹ ti sọ ìyẹn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni mò ń bi yín."

Ọmọ mi, bébà náà jóná, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò jóná. Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta ni mo ti ń gbọ́ ọ. Mo dojú kọ ọ́, mo sì kà á sókè bí ó ṣe wà lórí bébà:

"Sí ìyàálé mi ní Ìwó. Mo kí yín tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Ọkọ wa Hussain ti kú. Ilẹ̀ ló wó lù ú níbi tó ti lọ yọ èèyàn. A ti sin ín bó ṣe yẹ. Ẹ má bínú pé èmi ni mo wà níbẹ̀, tí ẹ̀yin kò sí níbẹ̀. Ó ń kó owó mọ́tò jọ láti wálé lọ́dún yìí. Ọmọbìnrin kan wà. Ó mọ orúkọ yín, ó mọ orúkọ Badrudeen, ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń pè é. Bí ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ ránṣẹ́, n ó mú un wá fúnra mi. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ṣàdúà fún un. Èmi ìyàwó yín."

Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó ní kí n tún ibi tí ìyá òun ti pe ara rẹ̀ ní ìyàwó yín kà nìkan. Lẹ́yìn náà ó jókòó sórí ilẹ̀, ó gbé ìborùn rẹ̀ bojú, ó sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, n kò tí ì dárí jì yín. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín." Mo ní mo gbọ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìyá mi ní òun fẹ́ mú mi wá síwájú ìyàálé òun, kò rí i ṣe. Ẹ mú mi lọ síbi tí ẹ sin wọ́n sí."

Mo bi í pé ṣé ó fẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ìyá mi níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́. Èmi máa kàn kí wọn."

Lọ́jọ́bọ̀ ni a ó wọkọ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́, a ó dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe èrò jọ. Sọ fún ìyá rẹ pé Fàtímọ̀ kì í jẹ ata púpọ̀. Yàrá àlejò wà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n má gbé e síbẹ̀. Yàrá ìyá mi ni kí o ṣí, kí o gbá a, kí o tẹ́ ibùsùn rẹ̀ sí.

Èmi bàbá rẹ,
Badrudeen Hussain